Má Tíì Pa Òkun Rẹ́ Nínú Eré Rẹ

Kabawa,
Lọ́kọ́ja.
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejìlá, 1991.

Múyìwá ọmọ mi,

Òkun o. Ṣé o jí dáadáa, ṣé o sùn dáadáa, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé ń ṣe dáadáa, àti ìyá onílé yín tó máa ń bá ọ gbé omi pamọ́ sínú garawa nígbà tí ẹ̀rọ omi kò bá sun? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ dé Ìbàdàn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ tí o fi ń yàwòrán kò ní gbọ̀n, ojú rẹ tí o fi ń wo nǹkan kéékèèké kò ní ṣú, ẹni tí yóò ra ọjà rẹ kò ní ṣìnà lọ sílé ẹlòmíràn. Àmín.

Má bínú nítorí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ọjọ́sí. Mo mọ̀ pé àyà rẹ á ti já, torí bí ènìyàn bá gbọ́ pé ìyá òun ń pè láti Lọ́kọ́ja, ohun tí yóò kọ́kọ́ rò ni pé ẹnìkan ti kú. Kò sí ẹni tó kú. Mo lọ sí ilé tẹlifóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀gbẹ́ni ibẹ̀ fi ní kí n wọ inú àpótí onígíláàsì kan, pé wọ́n ti pè ọ́ wá sí ọ́fíìsì ilé ìtẹ̀wé yín, kí n máa sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ, ó dà bíi pé inú ìkòkò lo wà. Mo kí ọ bó ṣe yẹ kí ìyá kí ọmọ tí kò rí láti ọdún Àjíǹde, mo béèrè ara rẹ, mo béèrè iṣẹ́, mo béèrè ìyá onílé, mo béèrè ọ̀gá yín, mo wá ń jíṣẹ́ ìkíni tí bàbá rẹ rán mi, ni nǹkan náà bá dákẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà ní àkókò mi ti tán. Mo ní n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ní màmá, kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ bá wá. Mo bi í bóyá bí ìyá tirẹ̀ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ó kàn já lu ọ̀rọ̀ láìbéèrè bóyá ọmọ jí ire. Ó pe ẹni tó kàn. Inú mi kò dùn nígbà tí mo ń padà bọ̀ wá sílé, torí pé ọ̀rọ̀ tó gbé mi lọ síbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ kí o tó ka nǹkan mìíràn: jọ̀wọ́, sọ fún àwọn onítẹ̀wé kí wọ́n má tíì tẹ eré orí páálí rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe pé kò dára. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí o pè ní àṣìṣe, tí o fẹ́ pa rẹ́, mo sì ń bẹ̀ ọ́ kí o fi í sílẹ̀, nítorí bàbá rẹ àti àbúrò wọn. Bí mo bá ṣàlàyé tán, yóò yé ọ.

Lẹ́tà tí o fi rán awakọ̀ tẹ̀ wá lọ́wọ́. O ní eré Ọkọ̀ Ojú Omi, tí à ń fi dáìsì ta bí ẹni ń ta ayò, tí o fi owó ara rẹ tẹ̀, ti ń tà ní Ìbàdàn, pé ó ti dé Èkó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan rò pé ọkọ̀ ojú omi gan-an lo rà, wọ́n ti ń bi mí pé ibo lo ti ń kó èrò. O ní o ṣì ń tún un ṣe, pé àwọn tó rà á ń kọ̀wé sí ọ láti sọ ibi tí kò ti yé wọn, àti pé bí o ti ń tún èyí ṣe lọ́sàn-án, o ti ń ya òmíràn lálẹ́, eré nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlú tuntun, torí pé wọ́n ti sọ Lọ́kọ́ja wa di olú ìlú ìpínlẹ̀ tuntun. Mo bí ọmọ mẹ́rin, mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ti ẹ̀yìn kò tíì rìn tí ti inú sì ti ń tàpá. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n èmi ò rí oorun sùn nígbà náà. Jẹ́ kí ti ẹ̀yìn kọ́kọ́ rìn díẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ ya ìlú tuntun, wá wo bó ṣe ń rí níbí kí o má baà ya irọ́: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń dé lójoojúmọ́ pẹ̀lú àpótí lórí, wọn kò rí yàrá gbà, àwọn mìíràn ń sùn sí ọ́fíìsì, wọ́n ń wọn ilẹ̀ kiri ní Otokiti, ẹni tó ní ahéré lánàá ti di onílé, kò sì kí ènìyàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nínú lẹ́tà tó ṣáájú èyí, o kọ ọ́ pé kòkòrò ṣì wà nínú eré náà, pé o ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwa náà bá ọ wá wọn. Mo ṣe é. Mo gbé páálí náà síta, mo yẹ ẹ́ wò tojú tẹ̀yìn, n kò rí kòkòrò kankan, mo ní bóyá wọ́n ti sá wọ inú. Mo fi káńfọ̀ sínú àpótí rẹ̀, mo sì sá páálí náà sórí páànù ilé ìdáná láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kòkòrò kankan kò jáde, ṣùgbọ́n odò tí o kùn ní búlúù ti wá funfun bí omi ẹ̀kọ, a ní láti máa wò ó dáadáa kí a tó mọ ibi tí omi pin sí. Bridget, ọmọ bàbá rẹ kékeré, tó ń ṣe tíṣà, ló wá ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà nítòsí kọ̀ǹpútà lẹ máa ń pe àṣìṣe ní kòkòrò. Mo ní ẹni tó bá ṣe àṣìṣe, kí ó pè é ní àṣìṣe, kí ìyá rẹ̀ má baà sá odò sóòrùn.

Ti ìwé tí o ní kí àwọn tó bá ta eré náà kọ orúkọ àti ọjọ́ orí wọn sí, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí o yí padà, má retí rẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tí ìjọba ń ka ènìyàn ni ó bọ́ sí. O rántí Kàrímọ́tù, ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní Ọjà Àtijọ́, tí a jọ ń gbé agbo ilé yìí. Ó ní òun kò ní kọ orúkọ òun sí ìwé méjì, pé wọ́n ti gé Lọ́kọ́ja kúrò lára Kwara báyìí, bí wọ́n bá ka òun lẹ́ẹ̀mejì síbí, wọ́n lè sọ pé òun kò ní Ìlọrin mọ́. Mo ní ìwé eré ni. Ó ní gbogbo ìwé tó bá ti ń béèrè ọjọ́ orí, kì í ṣe eré. Bàbá rẹ nìkan ló kọ tiwọn. Wọ́n kọ ọ́ pé Ó dára, wọ́n sì fọwọ́ sí i bí ìgbà tí wọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni ọ̀rọ̀ wa wà. O kò kọ orúkọ ìlú kankan sójú páálí náà. O ya odò tó ń lọ́ kiri, o ya iyanrìn tí ọkọ̀ ń gún lé, o ya erinmi, o ya àwọn aṣọ́bodè, níparí rẹ̀ o ya ilé pupa kan, o sì kọ OKUN sínú rẹ̀ gàdàgbà, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Nínú ìwé òfin, o ní ẹni tó bá kọ́kọ́ rí OKUN ló borí. Múyìwá, ìwọ tí a bí ní ilé yìí, tí a fi òkun jí láràárọ̀, báwo ni o ṣe fẹ́ kí ará Ìyàrá, ìlú wa, rí OKUN lára ilé kí ó máa rò pé omi oníyọ̀ ni? Ohun tí a fi ń kí ara wa ni, òun náà ni gbogbo ayé fi ń pè wá. Ìwọ rò pé inú òkun ni ọkọ̀ ń lọ, àwa rò pé ilé ló ń bọ̀.

Bó ṣe yé wa ni pé ẹni tó bá rí òkun gbà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó jókòó ti eré ló borí. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ènìyàn bá dé iwájú ilé pupa, gbogbo wa ní láti kí i ní òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà á dárúkọ ẹni tó kí i, á dá a lóhùn, á sì béèrè ilé rẹ̀. Bí ó bá ku ẹnìkan tí kò tíì kí i, kò tíì dé, inú omi ló wà. Kàrímọ́tù náà ń fi ẹnu Ìlọrin rẹ̀ kí òkun, ó ń fà á bí ẹni tó ń ta aṣọ. A gbádùn rẹ̀ gan-an, mo sì rò pé ìwọ lo fi ọgbọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

O mọ̀ pé bàbá rẹ àti bàbá rẹ kékeré kì í kí ara wọn. O mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n o kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì jókòó sọ ọ́ fún ọ rí. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi nígbà náà. Nígbà tí ìyá wọn ṣàìsàn ní Ìyàrá, bàbá rẹ wà nílé, bàbá rẹ kékeré wà lójú odò, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ ránṣẹ́ sí wọn, iṣẹ́ náà kò dé. Màmá kú, kò sí ibi tí a lè gbé òkú pa mọ́ sí, wọ́n sin wọ́n. Bàbá rẹ kékeré dé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n rà fún ìyá wọn, òkìtì erùpẹ̀ ni wọ́n bá. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ti sin ìyá àwọn bí ẹni pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí. Bàbá rẹ kò fèsì, torí pé ọ̀fọ̀ ń ṣe àwọn náà, wọ́n sì rò pé ó yẹ kí àbúrò àwọn mọ̀ láìsọ. Láti ìgbà náà, kò sí òkun láàárín wọn. Wọ́n ń rí ara wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ń kí èmi, wọ́n ń kí àwọn ọmọ ara wọn, wọn kò kí ara wọn. Èmi tí mo wà láàárín wọn, mo ti sunkún lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí o ṣe rò lọ.

Nígbà tí ìkànìyàn dé ní oṣù tó kọjá, ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé, kí mọ́tò má rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bàbá rẹ kékeré gbé iṣu wá fún mi láti Otokiti níbi tí wọ́n ń gbé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba iwájú níbi tí bàbá rẹ wà. Nígbà tí wọ́n máa fi jáde, àwọn awakọ̀ ti gbé takisí wọn wọlé. Wọ́n ní àwọn á fi ẹsẹ̀ rìn, ọlọ́pàá dá wọn padà lójú títì. Mo tẹ́ ẹní fún wọn ní yàrá rẹ, mo sì bẹ Ọlọ́run kí ilẹ̀ mọ́ láìsí ìjà.

Láàárọ̀, ọmọbìnrin tó ń ka ènìyàn dé, ó bi bàbá rẹ àwọn tó sun ilé náà mọ́jú. Bàbá rẹ pe orúkọ tiwọn, wọ́n pe tèmi. Ọmọbìnrin náà ní ṣé ó tán. Bàbá rẹ ní ó ku ẹnìkan, ó ku àbúrò àwọn. Ó béèrè orúkọ, wọ́n sọ ọ́ fún un. Bàbá rẹ kékeré ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé ní àkókò yẹn, mo rí i tí ọwọ́ wọn dúró nínú omi.

Lẹ́yìn tí wọ́n kà wá tán, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè lọ. Àwọn méjèèjì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ kọjú sí ọ̀nà, bàbá rẹ kékeré kọjú sí ògiri. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbé eré rẹ jáde, mo pe Kàrímọ́tù, mo ní ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èèyàn mẹ́rin ló sì wà nínú ilé, kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ kan ṣófo. Wọn kò wo ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n sún mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó lè tako mi nígbà tí mo bá ti mú ohùn yẹn jáde, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ bàbá rẹ kékeré ló kọ́kọ́ dé ilé pupa. Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn. Kàrímọ́tù kí wọn, wọ́n dá a lóhùn. Ó wá kan bàbá rẹ. Bàbá rẹ ń wo dáìsì tó wà nílẹ̀. Kàrímọ́tù, tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, ní òfin ni òfin, pé bí Bàbá Múyìwá kò bá tíì kí wọn, inú omi ni ọkọ̀ wọn wà, òun á máa ta tòun lọ. Ó sì ń ta á. Ọkọ̀ bàbá rẹ kékeré dúró sẹ́nu ọ̀nà, tiwa ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kò bẹ̀bẹ̀, wọn kò sì dìde. Nígbà tí ọkọ̀ Kàrímọ́tù fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, bàbá rẹ gbé orí sókè, wọ́n pe àbúrò wọn lórúkọ, wọ́n ní Alfred, òkun o.

Ohùn wọn lọ sílẹ̀. Òfin ni pé kí bàbá rẹ kékeré dárúkọ, kí wọ́n sì béèrè ilé. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi, òkun. Wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè ojú tó ń dun bàbá rẹ, wọ́n béèrè ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè títí ó fi kọjá ohun tí òfin eré sọ. Bàbá rẹ ń dáhùn. Èmi dìde lọ sí ibi ìdáná, torí pé n kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú mi.

Láti ìgbà náà, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ wa ni bàbá rẹ kékeré ń yà sí. Wọn kò sọ̀rọ̀ ìyá wọn o. Eré ni wọ́n ń ta. Mo ní bó ṣe wù kó rí, ó tó mi, mo sì ń se iṣu tó pọ̀.

Ìgbà náà ni lẹ́tà rẹ tí awakọ̀ mú wá dé. Bridget ló kà á sókè fún gbogbo wa lẹ́yìn oúnjẹ, a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ará Èkó ń bi ọ́ pé kí ni OKUN yìí, ṣé okùn tí a fi ń di ẹrù ni àbí okun tí í ṣe agbára, pé àṣìṣe tìrẹ ni láti má fi àmì sí i, pé nínú èyí tí o fẹ́ tẹ̀ báyìí, o máa fi àmì sí i kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òkun ńlá ni, o máa ya ìgbì àti ẹja sí i, àti pé ẹni tó bá ti kọ́kọ́ kàn án ti borí, eré ti parí. Bridget rẹ́rìn-ín. Kàrímọ́tù náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu òun ti bó nítorí omi. Ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá rẹ kékeré, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni ẹ̀gbọ́n àwọn fi kí àwọn. Bàbá rẹ kékeré mú fìlà, wọ́n kí mi, wọ́n lọ.

Wọn kò tíì padà wá. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, bàbá rẹ to ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú páálí, wọ́n jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀, wọ́n sì fúnra wọn kó wọn padà sínú àpótí. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, bákan náà ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rẹ kékeré ti padà sórí àga wọn àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn akọrin. Ọmọ mi, àwọn méjèèjì ti dàgbà. Bí wọ́n bá tún tú ká báyìí, n kò rò pé wọ́n á tún pàdé kí ọ̀kan tó sin èkejì. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn, òun ló gbé mi lọ sí ilé tẹlifóònù.

Nítorí náà, má fi ẹja sí i. Jẹ́ kí OKUN wà bó ṣe wà, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé òfin gbangba pé ìkíni ni, pé kò sí ọkọ̀ tó dé títí gbogbo ènìyàn yóò fi kí i. Kí o fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ kékeré ní Otokiti kí oṣù kìíní tó parí. Abẹ́ ìwé àṣẹ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ dàgbà, wọ́n gba ohun tí a bá tẹ̀ sínú ìwé gbọ́. Má sọ pé irọ́ ni mo ní kí o pa. Ìwọ lo ni eré náà, ohun tí o bá sọ pé ó jẹ́ ló jẹ́. Bí àwọn ará Èkó kò bá mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn, kí wọ́n tibẹ̀ kọ́ ọ.

Ọjọ́ Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Mo ti fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà yìí kí n tó tún mú bírò.

Lálẹ́ àná, mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún bàbá rẹ, kí wọ́n lè fi ìkíni tiwọn kún un. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ibi tí mo ti ní kí o tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé òfin, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní ṣé ìwé ni yóò wá bá àwọn kí Alfred. Mo ní kí ni kí n wá ṣe. Wọ́n dìde, wọ́n lọ sùn. Láàárọ̀ yìí, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni. Wọ́n ní àwọn ń lọ sí Otokiti. Mo sáré gbé àpótí eré rẹ tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, mo ní wọ́n ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n wọ takisí lọ.

N kò lè ṣe iṣẹ́ kankan láti ìgbà tí wọ́n lọ. Mo tún fi asẹ́ jọ gàrí tí mo ti jọ̀ tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé, ohùn wọn ti há, mo sì kọ́kọ́ rò pé ìjà ni wọ́n jà. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n wá sọ ọ́ fún mi.

Wọ́n ní níwájú ilé ni àwọn bá a, àwọn sì kí i, Alfred, òkun o. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n gbé eré wá ni. Wọ́n ní rárá. Ó wo ọwọ́ wọn, ó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó wá dìde, ó gbé àga tirẹ̀ fún wọn, ó kí wọn. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun sọ bí ìyá àwọn ṣe kú fún òun. Múyìwá, láti gbogbo ọdún yìí wá, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. Bàbá rẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí màmá jẹ kẹ́yìn, ẹni tó gbé orí wọn lé itan, pé Alfred ni wọ́n ń pè, pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ti ilẹ̀kùn torí pé Alfred wà lọ́nà. Bàbá rẹ ní ibẹ̀ yẹn ni àwọn kò lè sọ láti ìgbà náà, torí pé ó máa dà bíi pé àwọn ń bá a wí. Àwọn méjèèjì sunkún. Bàbá rẹ sọ ọ́ fún mi láìfi nǹkan kan bò, èmi náà sì jókòó tì wọ́n, mo sunkún.

Nítorí náà, ṣe eré rẹ bí o ti fẹ́. Fi àmì sórí òkun rẹ, ya ìgbì, ya ẹja, jẹ́ kí ẹni tó bá kọ́kọ́ kàn án borí kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Má yí nǹkan kan padà nítorí tiwa mọ́. N kò ya ohun tí mo kọ ṣáájú dànù, torí pé mo fẹ́ kí o mọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí tó. Tún èyí ṣe dáadáa kí o tó kó wọ inú ìlú tuntun rẹ, bí o bá sì ń ya ìlú náà, ya àga síwájú ilé kọ̀ọ̀kan.

Ti owó, n kò ní sọ pé a kò nílò rẹ̀. Páànù ilé ìdáná ti lu láti ìgbà tí mo ti gun orí rẹ̀ lọ sá páálí rẹ, ojú bàbá rẹ sì nílò dókítà. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, má tíì fi rán ẹnikẹ́ni. Fi wọ mọ́tò wá sílé. Àwọn méjèèjì ti béèrè rẹ, èyí tó sì ga jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n jọ béèrè rẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí a bá rán sí ọ nù lọ́nà. Ibi tí wọ́n bá ti ń retí rẹ, o kò ní pẹ́ dé ibẹ̀. Ẹni tó yẹ kí o bá láàyè, wàá bá a láàyè, wàá bá a lórí àga. Ọwọ́ rẹ á mókè, orúkọ rẹ á dùn lẹ́nu àwọn tó bá ta eré rẹ, ìwọ náà á sì fi ojú rẹ rí ọmọ tí yóò kọ̀wé sí ọ. Àmín.

Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì, má kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Lọ sí Otokiti lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ kékeré, kí wọn ní òkun, kí o sì dúró títí wọ́n á fi béèrè gbogbo ilé lọ́wọ́ rẹ tán. Má wo aago. Má sì gbé eré kankan lọ fún wọn, ọwọ́ òfo ni kí o gbé lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adéòkè.